Ẹsẹ̀ ọmọ mi ká sínú láti ọjọ́ tí mo ti bí i: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tuntun, Òṣogbo

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí mo bí ọmọkùnrin. Ó ń mu ọyàn dáadáa, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ká sínú. Bí mo bá tẹ́ ẹ sórí itan, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ń kọjú síra wọn bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́, gìgísẹ̀ sì fà sókè débi pé mi ò rí i dì mú. Agbẹ̀bí ní kí n máa fi òrí fà á, pé yóò nà bó bá yá. Ìyá ọkọ mi ń fà á láàárọ̀, ó ń fà á lálẹ́, ọmọ ń ké. Àwọn kan nínú ilé sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí ni mo ṣe nígbà tí mo wà nínú oyún. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ta ló ti rí irú èyí rí, ẹ jọ̀ọ́?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ, o kú ọwọ́ lómi. Fọkàn balẹ̀. Inú ilé tèmi ló ti ṣẹlẹ̀. Táíwò mi ló ní i, ẹsẹ̀ òsì. Kẹ́hìndé ò ní in rárá. Oyún kan náà ni, oúnjẹ kan náà ni mo jẹ, ibi kan náà ni mo gbé àwọn méjèèjì rìn dé. Ẹni tó bá ń bi ọ́ léèrè ohun tí o ṣe nínú oyún, ní kó wá ṣàlàyé Kẹ́hìndé fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe lónìí ni pé kí wọ́n yéé fà á. Màmá ọkọ rẹ ò burú o, ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn ṣe é. Àwa náà fà á fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọrùn ẹsẹ̀ wú, ẹsẹ̀ ò sì nà rárá. Ọmọ ti pé ogúnjọ́ kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní clubfoot ni, ìyẹn ẹsẹ̀ wíwọ́, ó ní àwọn máa tò ó bọ̀ sípò. POP, báńdéèjì funfun tó máa ń gan bí símẹ́ńtì bó bá gbẹ, ni wọ́n fi tò ó, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí POP yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ní kí n má tíì fún un lọ́yàn bí a ṣe ń dúró, kí ebi lè máa pa á díẹ̀. Nígbà tí ó kàn wá, wọ́n ní ó yá, kí n gbé ọyàn sí i lẹ́nu. Bó ṣe ń mu ún, dókítà fi àtàńpàkò kan ti eegun kékeré kan tó yọ lókè ẹsẹ̀ lápá òde, ó wá ń fi ọwọ́ kejì rọra darí iwájú ẹsẹ̀ lọ sóde. Jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni tó ń ṣí ìwé tó ti gbó. Ẹnì kejì we òwú, ó wá we POP tútù lé e láti ọmọ ìka dé òkè itan, orúnkún wà ní kíká. Ọmọ ò ké. Ó sùn lọ ni. Èmi ni mo ń sunkún.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sì we é. Táíwò ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, bọ́ọ̀lù ló ń gbá kiri àdúgbò.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ kú ewu o, Ìyá Tuntun. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì.

Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bá bí, ó tó 1 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rí báyìí. Ọkùnrin ń ní in tó ìlọ́po méjì obìnrin, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì máa ń kan ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó máa ń rìn nínú ẹbí míì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí tó bí i ni kò mọ ará ilé kankan tó ní i. Ẹ ò jẹ ohun tó fà á, ẹ ò sì tẹ ohun tó fà á mọ́lẹ̀.

Ponseti ni orúkọ ìtọ́jú yìí. Ignacio Ponseti, ọmọ erékùṣù Menorca ní Sípéènì, tí wọ́n bí ní 1914, ló gbé e kalẹ̀ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ abẹ ńlá ni àwọn dókítà eegun ń ṣe sí ẹsẹ̀ báyìí nígbà náà, wọ́n á la oríkèé, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tò. Ponseti yẹ àwọn tí wọ́n ti là nígbà èwe wò, ó rí i pé ẹsẹ̀ náà ti gan, ó sì ń ro wọ́n. Ló bá padà lọ kọ́ bí àwọn eegun kéékèèké inú ẹsẹ̀ ṣe ń yí lára ara wọn. Èyí tó pọ̀ nínú eegun ẹsẹ̀ ọmọ ìkókó kò tíì gan, ó rọ̀ bí eegun imú. Iṣan rẹ̀ náà ń gbọ́ràn, bí a bá rọra nà án tí a sì dì í mú síbi tó dé. POP ló ń dì í mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kejì a ó tún fi díẹ̀ kún un.

Èyí ló jẹ́ kí fífà nílé léwu, torí ibi tí ọwọ́ wà ni gbogbo ọ̀rọ̀. Gìgísẹ̀ tó fà sókè yẹn ni gbogbo èèyàn ń dojú kọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń gbẹ̀yìn. A ó kọ́kọ́ gbé ìdí àtàńpàkò ẹsẹ̀ sókè kí kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ lè tẹ́. Lẹ́yìn náà ni iwájú ẹsẹ̀ á máa yí sóde, gìgísẹ̀ á máa bá a yí. Bí a bá sáré tẹ ẹsẹ̀ sókè kó tó yí tán, àárín ẹsẹ̀ ló máa tẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á wá yọ sísàlẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Mo ti rí i rí, kì í ṣe ohun téèyàn ń fẹ́ rí lẹ́ẹ̀mejì.

Bí gbogbo ìyókù bá ti yí tán tí gìgísẹ̀ ò sì sọ̀kalẹ̀, dókítà á gé iṣan gìgísẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́wàá, ó tó mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tí wọ́n máa ń ṣe é fún. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "gé" já yín láyà. Wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú, ojú ibẹ̀ kéré débi pé wọn kì í sábà rán an. POP ìkẹyìn á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣan á fi àyè yẹn hù padà, á sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀.

Láti Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ ò jìnnà sí yín. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń lo ọ̀nà Ponseti láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti kọ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú. Ẹni tó bá wà l'Ékòó, ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́, torí kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ wò, nítorí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀pá ẹ̀yìn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Mi ò kì í kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo ń kà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọ́ láti inú ìyá mi, wọn ò sì tò ó. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹlẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mi rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́ títí di òní, torí kò kan ilẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ lápá òde ló le bí awọ bàtà. Bí mo bá ra bàtà, mo máa ń fi sáàsì iṣẹ́ mi la ti ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó wọlé. Ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ máṣíìnì.

Àwọn òbí mi ò pa mí tì. Ibi tí wọ́n ti ń wá ìdí rẹ̀ kiri ni wọ́n ná owó wọn sí, láti ilé dé ilé, láti orí òkè dé etí odò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó ṣeé tò. Ìyá Tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Aránṣọ, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́. Mo fẹ́ kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ti dàgbà díẹ̀ gbọ́ èyí náà: bí ọmọ bá ti ń rìn, bó bá tilẹ̀ ti wọ ilé ìwé, ẹ má sọ pé ó ti bọ́. POP ṣì ń tò ó fún ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó lè gba POP tó pọ̀ sí i, ó sì lè nílò iṣẹ́ abẹ kékeré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ gbé wọn lọ.

Bàbá Àyọ̀, Ìlọrin

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ nípa POP dára. Ibi tí èmi ti kùnà ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń kùnà. Bàtà ni.

Bí POP bá parí, ẹsẹ̀ á ti nà, á dára lójú, ẹ ó rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Wọ́n á fún ọmọ ní bàtà méjì tí irin kan so pọ̀ láàárín, ó fẹ̀ tó èjìká sí èjìká ọmọ, bàtà sì kọjú sóde. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wákàtí 23 lójúmọ́ ni, ìgbà wíwẹ̀ nìkan la ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, alẹ́ àti oorun ọ̀sán, títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọdún, ẹ gbọ́ mi o, kì í ṣe oṣù.

Àyọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní oṣù mẹ́tàlá. Ó ń rìn gaaraga. Ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa, ó rí i nínú bàtà lálẹ́, ó ní kí ló dé tí a de ọmọ lẹ́sẹ̀ bí ewúrẹ́. Ojú tì mí. A gbé bàtà sórí àpótí, a ò gbé e sọ̀kalẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, gìgísẹ̀ ò kan ilẹ̀ dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ ń yí sínú bó bá ń sáré. A padà sí POP. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní láti ṣí iṣan kan níwájú ẹsẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, wọ́n rì í mọ́ àárín ẹsẹ̀ kó lè máa fà á sóde. Ọpẹ́ ni, ó ti dára. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dá a padà.

Dókítà fi ohun kan hàn mí nínú ìwé ìlànà Ponseti lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn ẹbí tí wọ́n lo bàtà bó ṣe yẹ, nǹkan bí 6 nínú 100 ló padà wọ́. Àwọn tí wọn ò lò ó, ó ju 80 nínú 100 lọ. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sí ara ògiri kílíníìkì.

Ọmọ Ẹ̀gbá, London

Bàbá Àyọ̀, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọbìnrin mi níbí kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ń sọ. Sikáànì tí wọ́n fi ń wo oyún ní nǹkan bí ogún ọ̀sẹ̀ ló ti fi hàn wá, nítorí náà a ti mọ̀ kó tó wáyé. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bí i ni POP bẹ̀rẹ̀. Físíò, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti eegun láìlo ọ̀bẹ, ló we gbogbo rẹ̀, dókítà gé iṣan, bàtà tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń rò pé ìtọ́jú ti òkè òkun ju èyí lọ, kò jù ú lọ o.

Mo kà á pé àwọn òbí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀nà yìí tàn. Ó lé ní ogójì ọdún tí Ponseti fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ò kọbi ara sí i, ọ̀bẹ ni wọ́n ń lò. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a wọ ọdún 2000, àwọn òbí tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí Iowa bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi fọ́tò ẹsẹ̀ ọmọ wọn han ara wọn, àwọn míì kà á, wọ́n sì ń lọ bi dókítà tiwọn léèrè. Ní 1995 ni àwọn dókítà Iowa ti gbé èsì jáde lórí àwọn tí wọ́n ti tọ́jú ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú: 78 nínú 100 wọn ni ẹsẹ̀ wọn dára tàbí dára gan-an, ti àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹsẹ̀ pípé tí wọ́n fi wé wọn sì jẹ́ 85. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra.

Ẹ dákun, ohun kan tí mo fẹ́ bi Nọ́ọ̀sì. Níbí, láàárín wákàtí 72 tí a bí ọmọ, wọ́n á yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, wọ́n á tún yẹ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Ìyá mi ní nílé, pípọ̀n ló ń tún ìbàdí ọmọ ṣe. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Màmá yín ò parọ́. Bí a bá pọn ọmọ, itan rẹ̀ á là, orúnkún á ká, orí eegun itan á sì jókòó dáadáa sínú kòtò ìbàdí. Irú ìjókòó yẹn náà ni bẹ́líìtì tí wọ́n ń fi tọ́jú ìbàdí tó yẹ̀ ń wá. Ìbàdí yíyẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tó ń pọn ọmọ, àwọn onímọ̀ sì gbà pé pípọ̀n wà lára ìdí rẹ̀. Ohun tó burú ni kí a na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ, kí a fi aṣọ dì í pinpin. Bí ẹ bá pọ̀n ọ́n, ẹ ṣì jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tó wà nínú POP ńkọ́? Ẹ gbé e síwájú, torí POP wúwo, ó sì lè máa ha ọmọ náà lẹ́sẹ̀ bí ẹ bá fi ọ̀já dì í.

Olùkọ́, Ṣakí

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sóde láti orúnkún bí ọrun ọdẹ, ó sì ń tẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí n máa gbé e sínú oòrùn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Olùkọ́, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ kó sì jẹ́ ti ìdàgbàsókè lásán. Ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, K-leg díẹ̀ ló máa ń wá, ó sì máa ń tọ́ bó bá fi máa pé ọdún méje. Ṣùgbọ́n ti yín ń tẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya X-ray orúnkún àti ọrùn ọwọ́. Ó lè jẹ́ àrùn eegun rírọ̀, ó sì lè jẹ́ Blount, níbi tí ìdí orúnkún kò ti dàgbà bákan náà lápá méjèèjì. Bí wọ́n bá tètè rí Blount, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ kan ibi tí eegun ti ń dàgbà. Á dá ẹ̀gbẹ́ yẹn dúró, èkejì á sì bá a.

Ti oòrùn yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Oòrùn ò wọ́n wa. Ní 1999, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Jos lórí ọmọ 123 tó ní eegun rírọ̀. Wọ́n fún apá kan ní fítámì D nìkan, èyí tí ara máa ń fi oòrùn ṣe, apá kan kálísíọ̀mù nìkan, èròjà tó ń mú eegun le, apá kẹta méjèèjì. Àwọn tó gba kálísíọ̀mù ló sàn jù. Oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ wà: àwọn ọmọ náà ń jẹ nǹkan bí 200 mílígíráàmù kálísíọ̀mù péré lójúmọ́. Ẹ̀kọ lójúmọ́ láìsí nǹkan nínú rẹ̀ kò tó. Ẹ gún ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun, kí ẹ máa da sínú ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ rẹ̀. Wàrà náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ya X-ray, kí dókítà sọ ìwọ̀n oògùn.

Ìyá Tuntun, Òṣogbo

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. A ti wọ POP karùn-ún. Wọ́n ní kí n máa tẹ ọmọ ìka rẹ̀, kó funfun kó sì tún pọ́n padà, kí n lè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìka ẹsẹ̀ òsì wú, ó tutù, ó ń yọ́ wọnú POP. Mo dá ọkọ̀ padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n tú u, wọ́n we òmíràn. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ Tuesday ni wọ́n máa gé iṣan. Ìyá ọkọ mi ń bá mi lọ báyìí, àwọn ni wọ́n ń gbé ìgò omi gbígbóná àti ìtẹ́dìí.

Màmá Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ, ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà fa ẹsẹ̀ ọmọ rí, mo rò pé mo ń ṣe rere. Bí bàtà bá dé, ẹ̀yin ni kí ẹ máa wọ̀ ọ́ fún un lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ fún ìyàwó pé ó ń fìyà jẹ ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọ, kó wá bá yín.

Ìyá Tuntun, Òṣogbo

Bàtà ti dé. Alẹ́ àná ni alẹ́ àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nílé. Mo bọ́ ọ láàárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́, mo rí i pé gìgísẹ̀ ọ̀tún pọ́n. Ṣé kí n fi òrí pa á?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Má fi òrí sí i, àbúrò mi. Awọ ibẹ̀ á rọ̀, á bó. Ìbọ̀sẹ̀ òwú tí kò ní ojú rírán ní gìgísẹ̀ ni kí o wọ̀ fún un. Ká orúnkún rẹ̀, ti gìgísẹ̀ wọlé dé ìdí bàtà, kí o sì kọ́kọ́ fa okùn àárín, èyí tó kọjá lórí ọrùn ẹsẹ̀, kó le dáadáa kí o tó di ìyókù. Bí okùn yẹn bá dẹ̀, gìgísẹ̀ á máa yọ sókè sísàlẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó pọ́n. Bó bá di egbò, gbé e lọ fún wọn. Di irin náà mú láàárín, kí o máa fi ta ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ sókè sísàlẹ̀ bí ẹni ń bá a ṣeré. Táíwò fi alẹ́ mẹ́rin ké. Ní alẹ́ karùn-ún, ó fi irin yẹn gbá ògiri títí oorun fi gbé e lọ.